Ẹ Bá Mi Sọ̀ Ọ́

Kọ́kọ́rọ́ méje ló wà ní bẹ́líìtì mi nígbà náà:
ti ilé ìjọsìn, ti yàrá ìwé,
ti àpótí owó, ti ilé agogo,
ti àká ìrẹsì àwọn obìnrin.
Méjì yòókù, n kò rántí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí,
ṣùgbọ́n mo ń gbé wọn kiri.
Àwọn ọmọdé Tlangsang á gbọ́ ìró wọn,
wọ́n á ní, "Pásítọ̀ Rokima ń bọ̀,"
kí kùrukùru orí òkè tó jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

Èmi ni mo ń lu agogo.
Èmi ni mo ń wàásù, èmi ni mo ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù.
Nígbà tí páànù jò, èmi ni mo gun òrùlé,
ìṣó lẹ́nu, bíi pé Ọlọ́run kò dá káfíńtà mìíràn.
Alàgbà Thanghleia ní kí òun máa darí ìpàdé Ọjọ́rú.
Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ má ṣe ìyọnu."
Lọ́kàn mi mo ní: ẹni tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lójú ìwé
bí ẹni ń wá ẹ̀gún ní àtẹ́lẹsẹ̀!
Mo pe ìgbéraga ní iṣẹ́ ìsìn,
mo tún gbàdúrà lé e lórí.

Ní oṣù keje, òjò kò dá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Òkè ya. Ó gbé ọ̀nà ọkọ̀ lọ,
ilé mọ́kànlá nísàlẹ̀ kò rí nǹkan sè.
Ìrẹsì wà nínú àká wa,
ẹ̀kúnwọ́ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bù sọ́tọ̀ fún Olúwa
kó tó gbé ìkòkò kaná, láàárọ̀, lálẹ́.
Mo bù ú kún agbọ̀n oparun dé ẹnu,
mo fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí bí ìṣe wa,
mo kọrí sísàlẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́,
kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ó bá mi lọ.

Láàárín àtẹ̀gùn òkúta, orúnkún mi kọ̀.
N kò lè lọ. N kò lè padà.
Èyí tó burú jù, n kò lè sọ̀ ọ́:
bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, agbọ̀n á yí mi dà sí ọ̀gbun.
Mo dúró bẹ́ẹ̀, òjò ń wọ̀ mí létí,
ẹ̀kúnwọ́ àwọn obìnrin ń fa ọrùn mi sẹ́yìn.

Mapuii ló bá mi níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá
tí mo lé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ẹ̀rín.
"Pásítọ̀, ṣé kí n bá yín sọ̀ ọ́?"
Ẹnu mi ti ń wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà;
omijé ló jáde.
Mo ní, "Bá mi sọ̀ ọ́."

Ó fi àyà gba ìdí agbọ̀n. Ilẹ̀ gbà á.
Kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ó tọ́ sí i.

Mo rántí ará Kírénè tó ń ti oko bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wàásù rẹ̀,
n kò béèrè rí bó ti rí lára Jésù
nígbà tí igi náà fúyẹ́ lójijì ní èjìká Rẹ̀.
Kò ní, "Fi í sílẹ̀."
Ó jẹ́ kí àlejò gbé e.

Kò pẹ́, ìdajì abúlé ti dé pẹ̀lú àpò kéékèèké.
Kọ́kọ́rọ́ mi ló jí wọn.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, Thanghleia ka Ìwé Mímọ́.
Ìka rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ẹsẹ kan ṣoṣo,
àwa náà dúró dè é nínú ọ̀rọ̀ náà.
N kò gbọ́ irú "Àmín" bẹ́ẹ̀ rí nílé yẹn.
Ó dùn mí díẹ̀. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní kò dùn mí.

Mapuii ló ń lu agogo báyìí. Ó máa ń yá jù.
Lóru, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ síbi bẹ́líìtì,
ó ń wá ìró àtijọ́.
Hmingi, ìyàwó mi, á dì í mú,
á ní, "Sùn. Ẹlòmíràn ti tilẹ̀kùn."